Chikki Tó Pa Bọ́ọ̀sì Lẹ́nu Mọ́

Ebi ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ti pé oṣù márùn-ún tí mo ti ń ṣe kọ́ndọ́tọ̀ lórí bọ́ọ̀sì tó ń ti Satara lọ sí Phaltan, n kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán. Bí mo bá ráyè, màá ra vada pav olóròóró, ìyẹn búrẹ́dì tí wọ́n ki ọ̀dùnkún díndín sí, ní ibùdókọ̀, á sì máa dà mí nínú rú títí dìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan òòyì kọ́ mi, mo jókòó lé bàbá kan lẹ́sẹ̀, mo sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún ara mi.

Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀pà ò wọ́n, yànmọ̀tí ò wọ́n, gul, ìyẹn ṣúgà ìrèké tí wọ́n sè tó dì, sì wà nílé. Màá fi wọ́n ṣe chikki, ìyẹn súìtì ẹ̀pà tó le, màá gé e wẹ́wẹ́ sínú ike, màá sì máa jẹ ẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá ọkọ mi, Gaurabai, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí bí ẹni ń wòran.

"Ìyàwó, gul wo lo fẹ́ lò yẹn?"

"Èyí tó wà nínú agolo, Màmá."

"Ti tíì nìyẹn. Ti chikki lọ́tọ̀ ni, ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Gbogbo gul ni gul, Màmá."

"Ó dáa náà. Tó bá yọ́ lórí iná, kán an sómi kó o tó da ẹ̀pà sí i. Tó bá dún kà lábẹ́ eyín, ó ti jinná. Tó bá ń fà, o ò tíì ṣe nǹkan kan."

Mo kán an sómi. Ó ń fà. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì mi fẹ́ gbéra, mo bá da ẹ̀pà àti yànmọ̀tí sí i, mo tẹ́ ẹ, mo gé e, mo sì sáré jáde.

"Ẹnu ẹ lo máa fi jẹ ẹ́ o," ni Gaurabai sọ tẹ̀lé mi.

Ọjọ́ ọdún Sankranti ni. Lọ́jọ́ náà, ẹnì kan kì í dá yànmọ̀tí àti gul jẹ. Ẹni tó o bá pàdé, wàá fún un, wàá sì ní kó máa bá ẹ sọ̀rọ̀ dídùn, kò sì sẹ́ni tó ń kọ̀ ọ́. Ọjọ́ yẹn náà ni Ghorpade, ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò, wọ bọ́ọ̀sì mi. Ó ti ń sọ ọ́ kiri pé obìnrin ò lóhùn tí wọ́n fi ń pe ibùdó. Ohun tó bá kọ sínú ìwé rẹ̀ ló máa sọ bóyá wọ́n á gbà mí pátápátá tàbí kí n padà sílé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn dé góńgó.

"Ẹ gba yànmọ̀tí, ọ̀gá, kẹ́ ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀ dídùn."

"Ṣé o fẹ́ fi nǹkan dídùn tàn mí ni?"

"Sankranti ni, ọ̀gá. Ẹ ò lè kọ̀ ọ́."

Ó mú èyí tó tóbi jù. Kíá, gbogbo èrò na ọwọ́. Bhivaji, awakọ̀ mi, mú méjì, èmi náà sọ ọ̀kan sẹ́nu.

Ká tó jáde nílùú, bọ́ọ̀sì ti pa lọ́lọ́. Eyín mi tòkè ti lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Àwọn méjì tó ti ń jà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láti ibùdókọ̀ kàn ń wo ara wọn ni. Bhivaji, tí kì í panu dé, gbájú mọ́ ọ̀nà.

Nígbà tá a fẹ́ dé ibùdó Wathar, mo lanu láti pariwo, ẹnu kò là. "Mmm" ló jáde. Ghorpade gbójú sókè, kálàmù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ mi ń lọ níṣojú mi, ẹkún sì fẹ́ gbọ̀n mí.

Mo fa okùn aago lẹ́ẹ̀kan, Bhivaji dúró. Ṣùgbọ́n aago ò lè pe orúkọ ìlú. Èmi ni mo ṣáà já tíkẹ́ẹ̀tì wọn, mo mọ ibi tí kálukú ń lọ. Mo bá lọ fọwọ́ kan èjìká ìyá àgbà tó gbé adìyẹ dání, mo nàka sílẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì gbé adìyẹ náà tẹ̀ lé e títí ó fi dé ilẹ̀. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, a gbéra. Ní Adarki, tíṣà mẹ́ta ló fẹ́ sọ̀. Ọ̀kan ti sùn, mo fa imú rẹ̀. Ẹ̀rín bá sọ nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo wa ń fi imú rín in, ẹ ò rí irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Èjìká Ghorpade fúnra rẹ̀ ń mì.

Nígbà tá a dé Phaltan, ó dojú kọ mi, ó ṣe "mmm" lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ó yí i sí mi: "Kọ́ndọ́tọ̀ yìí kò pe ibùdó kankan. Kò sẹ́ni tó ré ibùdó rẹ̀ kọjá. Kí wọ́n gbà á."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Kí n tó nu ojú tán, ó ti fa bébà mìíràn ya, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i, ó sì fi lé mi lọ́wọ́:

"Ó kù mélòó nínú ike? Ọ̀gá tèmi fẹ́ ṣèpàdé wákàtí mẹ́ta lọ́sàn-án yìí."

Mo gbé gbogbo rẹ̀ fún un.