Òwìwí Sùn

"Ta ló ní kí wọ́n sùn?"

Ìyá ló béèrè. Ó jókòó sórí àga onírin nínú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà bárékè, báàgì rẹ̀ wà lórí itan, ó sì ń wo àwọn ọkùnrin tó dúró yí i ká lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀ láàárín èrò. Ọ̀gá àgbà ń wo fèrèsé. Akọ̀wé rẹ̀ ń wo bàtà. Àbùjá, àbíkẹ́yìn ìyá náà, tó wọ aṣọ ológun bíi tiwọn, ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan sí i. Fáànù ń yí lókè.

"Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi," ìyá tún ní. "Ọmọ tí mo bí ni mò ń sọ. Kò sùn ní kékeré, kò sùn lágbà. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé orí oorun ni ikú ti bá a?"

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo bárékè ló mọ̀ pé àkọ́bí rẹ̀, tó jẹ́ sájẹ́ńtì, kì í fojú kan oorun tí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀. Òwìwí ni wọ́n ń pè é. Bí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ bá ń ṣọ́nà, á wà pẹ̀lú wọn. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ kòtò, ṣọ́bìrì tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlẹ̀, òun náà ló sì máa ń gbẹ̀yìn jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò kún bo ìlú ìsàlẹ̀, abẹ́ àwókù ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí omi wó létí odò ni wọ́n ti hú òun àti àwọn mẹ́rin tó kó lẹ́yìn jáde. Wọ́n ti tẹ́ ẹní sí yàrá òkè. Wọ́n ti bọ́ bàtà. Ní igun kan tí kò wó nínú yàrá náà, bàtà wọn ṣì tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, bíi ti ọmọ ilé ìwé tó gbọ́ràn.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí bárékè jókòó, wọ́n sì dájọ́. Wọ́n ní a ti ránṣẹ́ sí wọn kí ilẹ̀ tó ṣú pé kí wọ́n sún sókè, sí ilé ìwé tó wà lórí òkè, níbi tí omi ò lè dé. Iṣẹ́ náà dé ọwọ́ wọn, wọ́n tiẹ̀ tún fèsì. Dípò kí wọ́n gbéra, wọ́n tẹ́ ẹní. Àìgbọràn ni. Ẹni tó bá sì kú sínú àìgbọràn, wọn kì í kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri mábù tó wà láàárín ọgbà, níbi tí orúkọ àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ wà. Ohun tó gbé ìyá wá nìyẹn. Kò béèrè ohun mìíràn. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló wá gbà.

"Ìyá, a bá yín kẹ́dùn," ọ̀gá àgbà wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n òfin ò mọ ẹkún."

Ó dun Àbùjá ju gbogbo wọn lọ, nítorí òun gan-an ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ ní Àbùjá, bárékè ni. Ọmọ yunifásítì ni, ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ó sì fẹ́ràn àlọ́ ju oúnjẹ lọ. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ ọjọ́ kan síwájú rẹ̀, á kọ́kọ́ jókòó wá ọ̀nà tí kò fi ní ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí wọ́n fi í sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun tó wà níta, Baba Àmì ló bá nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ti gbó. Kí àmì ohùn kan tó lè gun orí lẹ́tà, ọwọ́ ní láti tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta tẹ̀léra. Baba Àmì ń tẹ gbogbo rẹ̀, kì í fo ẹyọ kan. Ahọ́n rẹ̀ á yọ síta díẹ̀, òógùn á bo iwájú orí rẹ̀, àwọn tó ń retí ìròyìn á sì máa fẹsẹ̀ janlẹ̀.

"Baba, ṣé iyọ̀ lẹ̀ ń wọ́n sí i ni?" Àbùjá á bi í. "Ọbẹ̀ yẹn ti dùn, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀!"

"Jẹ́ n wọ aṣọ fún ọ̀rọ̀ mi kó tó jáde nílé, jàre. Ìwọ tó o fẹ́ kó máa lọ níhòòhò, ṣé ìwọ ni òtútù á mú ni?"

Ọ́fíìsì á hó fún ẹ̀rín.

Àbùjá rò ó títí, ó rí i pé ẹni tó bá gbọ́ èdè, bí ẹ kọ àmì bí ẹ ò kọ ọ́, ohun tí ẹ wí á yé e. Ó bá bọ́ àmì kúrò lára gbogbo ọ̀rọ̀. Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹyẹ. Lọ́jọ́ tí iná sọ nílé epo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ bárékè tó wà níbẹ̀ kí iná tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo ọkọ̀ jáde, irun èèyàn kan ò jó. Baba Àmì fúnra rẹ̀ fọwọ́ gbá a léjìká. "Tòní yìí, ìwọ lo jàre," ó ní. "Ká ní èmi ni, ibi tí mo ti ń wá àmì ni wọ́n á ti di eérú."

Ọ̀gá àgbà kó gbogbo bárékè jọ. "Ẹ ti rí i báyìí! Kì í ṣe ká máa làágùn ni ká máa pè níṣẹ́. Ẹni tó bá lo ọpọlọ ló ṣiṣẹ́!" Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n gbé Baba Àmì lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó bùláńkẹ́ẹ̀tì sí.

Òwìwí pàtẹ́wọ́ fún àbúrò rẹ̀ bíi tàwọn yòókù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé, tó ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, ó ní, "Àbí èmi ni ọ̀gá ń bú? Èmi tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni mò ń làágùn?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o. Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ."

Òwìwí da omi ẹsẹ̀ náà lé e lórí. Wọ́n lé ara wọn yí ilé ká bí ọmọdé. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀, ó ní, "Kò burú. Ìwọ ń fi orí ṣe tìẹ, èmi ń fi ẹ̀yìn ṣe tèmi. Ọrùn kan náà ló so wọ́n pọ̀. Tí mo bá ti wà níta, tí mo bá ti rí i pé ìwọ lo tẹ ọ̀rọ̀, mi ò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó o bá ní kí n ṣe ni màá ṣe."

Ọjọ́ tí odò kún, láti àárọ̀ ni Òwìwí àtàwọn ọmọ rẹ̀ ti ń pọn arúgbó, tí wọ́n ń gbé ọmọdé, tí wọ́n ń fa ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé: kò ku ẹnì kankan nílùú ìsàlẹ̀ mọ́, àwọn ti yà sínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ṣófo létí odò, òjò ò dá, kí làwọn máa ṣe báyìí? Ọ̀gá àgbà ti fẹsẹ̀ kan sí ìta. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n sún sókè!" Kó tó pa ẹnu dé, Àbùjá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Èsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò pẹ́: àwọn ti gbọ́, ẹ ṣeun, ó dàárọ̀. Àbùjá rẹ́rìn-ín. Òwìwí tí ń sọ pé ó dàárọ̀! Ó rò pé àwàdà ni.

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin wọ́n ni Àbùjá ti ń yí ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn bí àlọ́ tí kò ṣeé já. Ṣé ẹ̀rọ ló gé ọ̀rọ̀ sí méjì ni? Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò gé nǹkan kan. Ṣé wọ́n mutí ni? Òwìwí kì í fẹnu kàn án. Ṣé ọ̀nà ló dí? Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín láti etí odò dé ilé ìwé orí òkè. Ọ̀nà là gbọnrangandan. Ilé ìwé náà gbẹ, ààyè tó gba ọgọ́rùn-ún èèyàn wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ kéékèèké, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó sì sunkún.

Ó lọ bá Baba Àmì láàárín bùláńkẹ́ẹ̀tì.

"Kí lo ní kí wọ́n ṣe gan-an?" Baba Àmì bi í.

"Mo ní kí wọ́n sún sókè."

Àgbàlagbà náà ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kan, ó tún un tú, ó tún un ká. "Ó yé mi. Ọmọ ọwọ́ pàápàá, á yé e. Bóyá ó rẹ̀ wọ́n ni, ọmọ mi. Àárẹ̀ ò mọ akọni."

Bí Àbùjá ṣe sọ ọ́ fún Baba Àmì náà ló ṣe sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń sọ ọ́ sínú ara rẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má baà sọ pé ọ́fíìsì lọ́ra, ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n fa iṣẹ́ náà yọ látinú ẹ̀rọ, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde lẹ́nu géètì. Gbogbo sójà ló ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ta ló tún ń ka ohun tó ti mọ̀?

Wọ́n jáde ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Àbùjá gbé àpò ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ èjìká, ìyá ń lọ níwájú, kò bojú wẹ̀yìn wo ògiri mábù. Lẹ́nu géètì, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kí wọ́n ní sùúrù, kóun lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ìyá bá dúró síwájú pátákó. Ó ti dàgbà kó tó mọ̀wé kà, nílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, láti ìgbà náà ni kì í sì í rí ohun tí wọ́n kọ kó má kà á, ìbáà ṣe ara páálí ọṣẹ.

"Màámi, ẹ wá síbòòji níbí."

"Fi mí sílẹ̀. Kí ni wọ́n ń wí níbí? 'Iṣẹ́ tí a rán sí àwọn tó wà létí odò.'" Ó yíjú sí i. "Ti ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí?"

"Àwa la rán an sí wọn, Màámi. Mo ti sọ ọ́ fún yín."

Ìyá fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ sísàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń lọ, kò sí ohùn.

E SUN SOKE

"Ẹ," ó ní. "Ẹ sùn. Ẹ sùn sókè."

Ó tún un kà, kíákíá lọ́tẹ̀ yìí. Ojú rẹ̀ là, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Wọ́n ní kó sùn sókè! Ọmọ mi, wá wò ó, òun ló wà níbí yìí! Ẹ̀gbọ́n rẹ ò ṣàìgbọràn. Wọ́n ní kó gòkè lọ sùn, ó gòkè, ó sùn!" Ó di apá Àbùjá mú, ó ń mì í. "Sáré lọ pe ọ̀gá yẹn padà wá. Kó pe ẹni tó kọ ọ́ náà wá, kó wá jẹ́rìí sí i lójú mi."