Ìbàdí Ìyá Òkété

"Ẹ bá mi fún un níbàdí," ni Ládélé wí, ó fìka kan ikùn òkété tó wà lójú kọ̀ǹpútà. "Kó rí tẹ́ẹ́rẹ́ níbí. Kí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn. Kẹ́ ẹ sì kun ètè rẹ̀ ní pupa díẹ̀."

Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni Ayọ̀níkẹ́ ti ń ya ẹranko yìí, ní ilé iṣẹ́ kékeré tí Ládélé dá sílẹ̀ ní Magboro, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kàtúùnù fáwọn ọmọdé. Kì í ṣe inú ìwé ló ti rí i. Nígbà tó wà lọ́mọdé, lóko ìyá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn Owódé Ẹ̀gbá, ó rí abo òkété kan tó kó ẹyìn sẹ́nu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú, tó ń fi èékánná túlẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ló yà: ikùn ńlá, eyín gígùn, apá tó ki.

"Ọ̀gá, òkété ni," ó ní. "Ilẹ̀ ló ń gbẹ́ nínú ìtàn náà. Ikùn ọkọ rẹ̀ sì tóbi ju tiẹ̀ lọ."

"Ti ọkọ dáa bẹ́ẹ̀. Ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín." Ládélé fa àga, ó jókòó tì í. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò jágbe mọ́ òṣìṣẹ́ rí. "Ìyá Àyànfẹ́, kì í ṣe èmi. Àwọn tó fẹ́ rà á l'Ékòó ló ní àwọn ò mọ̀ pé obìnrin ni. Bí ẹ ò bá ṣe é, wọ́n á ní kí n gbé e fún ẹlòmíì."

Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ayọ̀níkẹ́ gbé òwe náà mì. Bóun bá kọ̀, ẹni tí kò rí òkété rí láyé ẹ̀ ni yóò yà á, á sì burú ju èyí lọ. Ó mú kálàmù tó fi ń yàwòrán sójú kọ̀ǹpútà.

Ó dín ikùn kù. Ládélé ní kò tíì tó, ó tún dín in. Ó yọ eyín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń kó ẹyìn sí di pẹlẹbẹ. Nígbà tó dọ̀sán, ó mú kí òkété náà gbẹ́lẹ̀ wò lójú kọ̀ǹpútà. Apá rẹ̀ ti tín-ín-rín jù. Ńṣe ló ń fọwọ́ pa ilẹ̀ lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ tó ń sunkún. Wọ́n bá yí ìtàn padà: ọkọ ni yóò máa gbẹ́ ihò, ìyàwó á dúró lẹ́nu rẹ̀, á máa wò ó, á máa ṣẹ́jú.

"Ó rẹwà," ni Ládélé wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń kí ọlọ́fọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ayọ̀níkẹ́ délé n'Ibafo, ó bá Àyànfẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń lọ sọ́dún méje, lórí ẹní níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ayọ̀níkẹ́ ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó ya òkété ti àkọ́kọ́ sẹ́yìn ìwé kan, ikùn, eyín, apá àti gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹnì kan, ó kéré tán, rí i bó ṣe rí.

"Ta nìyí?"

"Bàbá òkété," lọmọ náà dáhùn.

"Ìyá ni."

Àyànfẹ́olúwa wo ìwé, ó wo ojú ìyá rẹ̀ bóyá ó ń ṣeré ni. "Màmí, kì í ṣe ìyá. Ẹ ò rí i bó ṣe lágbára ni?"

Ayọ̀níkẹ́ tún wo apá ńlá tó yà. Iṣẹ́ tó ṣe lónìí ò tíì kúrò ní Magboro. Ọmọ náà ò tíì rí i rárá.