Omi Tí Páànù Mu

Ọjọ́ kejìlá rèé tí ẹ̀rọ omi ojúlé wọn kàn ń mí fìnfìn bí arúgbó tí ikọ́ ń bá jà, tí kò pọ ẹ̀kán kan. Oṣù kejì ọdún 1966 ni. Ọyẹ́ ti na ewé tán lórí igi ní Enugu, eruku pupa sì ti bo òrùlé gbogbo ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Inú irú ẹ̀ẹ̀rùn bẹ́ẹ̀ ni Mojíbọ́lá bí àkọ́bí rẹ̀ sí.

Ọmọ dé, ọmú kò sun. Wọ́n fi omi gbígbóná jó àyà rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀kọ gbígbóná bọ́ ọ, pàbó ló já sí. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa fún ọmọ ní mílíìkì inú agolo, àmọ́ omi tí wọ́n bá fi pò ó gbọ́dọ̀ hó dáadáa. Ìdí nìyí tí Adélàjà, ọkọ rẹ̀, akọ̀wé ní rélùwéè, fi ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìsun omi kan lọ́nà ìlú Amechi, tó ń tò láti àfẹ̀mọ́júmọ́ kó tó rí garawa kan bù.

Ìyá Adélàjà, tó ti Ìsẹ́yìn wá wẹ ọmọ, kì í fi omi ṣeré. Omi tí wọ́n bá fi wẹ ọmọ ni wọ́n fi ń fọ aṣọ ìdí rẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ń nu ilẹ̀. Bí ẹ̀kán kan bá bọ́ lọ́wọ́ Mojíbọ́lá, ìyá á ní, "Ìyàwó, ìyẹn ì bá ti pa òùngbẹ adìẹ kan."

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí ọmọ pé. Ìlàjì garawa ló kù nílé. Mojíbọ́lá fi àwo bò ó, ó tì í sábẹ́ tábìlì: ti mílíìkì ni. Abọ́ kan péré ni wọ́n yọ sọ́tọ̀ fún ìsọmọlórúkọ, nítorí ní ìdílé Adélàjà, wọ́n á da omi sórí òrùlé, wọ́n á sì gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀ kí ó kán sí i lára. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọláògún, àgbà ìjọ tí yóò sọ ọmọ lórúkọ, kò dé títí oòrùn fi kan àtàrí. Òun náà wà lórí ìlà omi.

"Ẹ má bínú," ni baba náà wí, "ẹni tó bá kúrò lórí ìlà, inú igbó ni yóò ti lọ ṣa garawa rẹ̀."

Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi oyin kan ọmọ lẹ́nu. Baba gbé abọ́ omi sókè. "Omi rèé. Ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá." Wọ́n ṣe àmín. Ìyá gbé ọmọ dúró sábẹ́ etí òrùlé, baba da omi sókè. Páànù dún ṣàà, bí ìgbà tí ata bá kan epo gbígbóná. Kò sí ohun tó kán sílẹ̀.

Gbogbo wọn gbójú sókè wo òrùlé.

"Ẹ bu òmíràn," ni Ìyá wí.

Kí Mojíbọ́lá tó ṣẹ́jú, Oyèbísí, aláwàdà obìnrin kan nínú ìjọ, ti fa garawa yọ lábẹ́ tábìlì. Abọ́ kejì, eruku mu ún. Ẹ̀kẹta gba ihò kan tí ìpẹtà dá lu lọ, ó já sórí fìlà Bàbá Ọláògún.

"Yéè! Bàbá, ṣé ẹ̀yin la wá ń sọ lórúkọ ni?" Oyèbísí bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀.

Mojíbọ́lá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́. Omi mílíìkì ọmọ ni."

"Mo mọ̀." Ìyá kò wo ojú rẹ̀. "Ṣé kí n wá gbé e wọlé ní gbígbẹ, lójú gbogbo ayé? Kí ayé rẹ̀ náà ó gbẹ?"

Mojíbọ́lá wo ọkọ rẹ̀. Adélàjà ń wo bàtà ara rẹ̀. Ta ni yóò gba abọ́ lọ́wọ́ àgbà?

Ó di abọ́ keje kí páànù tó tutù, tí ẹ̀kán mẹ́ta fi já bọ́ síwájú orí ọmọ. Ọmọ ké. Ariwo ayọ̀ sọ: "Abímbọ́lá! Wàá dàgbà, wàá dògbó!" Garawa ti ṣófo, ó ń han gooro.

Àwọn àlejò lọ tán, ebi dé sí Abímbọ́lá. Mojíbọ́lá gbé kọ́ọ̀pù, ó lọ kan ìlẹ̀kùn Josephine, ọmọ Igbo tó ń gbé yàrá kejì. Josephine dojú ìkòkò rẹ̀ kọ ilẹ̀ kó lè rí i fúnra rẹ̀. "My sister, water no dey. I swear, e no dey."

Adélàjà ti gbé kẹ̀kẹ́. Àtilọ àtibọ̀, pẹ̀lú ìlà, kò lè dín ní wákàtí mẹ́rin. "Mò ń bọ̀," ló sọ, ó sì ti kẹ́yìn sí wọn kó tó sọ ọ́.

Ìyá ń rẹ ọmọ lẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà. "Bí wọ́n ṣe ṣe fún bàbá rẹ̀ nìyẹn," ó wí. Ó gbé ọmọ sí èjìká kejì, ó ní, "Koríko la fi ń bolé nígbà náà. N kò mọ̀ pé páànù á mu tó bẹ́ẹ̀."

Mojíbọ́lá tún wo inú garawa. Bó bá bínú, ìyá ọkọ ni. Bó bá sunkún, omijé kò ṣe é po mílíìkì.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, igbe ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ó di ìkérora, ó di èémí tín-ínrín. "Ó ti ń sùn," ni Ìyá wí. Mojíbọ́lá fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀ kó lè tún ké. Ọmọ lajú, ó wò ó, kò ké. Eruku dìde lójú ọ̀nà. Mojíbọ́lá sáré dìde. Kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni.