Ta Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Wọn?

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí màmá jókòó," ni nọ́ọ̀sì wí fún ẹ̀gbọ́n, ó sì ń nawọ́ sí àbúrò. "Ṣé ẹ̀yin lẹ bá wọn wá?"

Ẹ̀gbọ́n, olùkọ́ tó fi ọdún méje ju àbúrò rẹ̀ lọ, bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò ò rí ẹ̀rín rín. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì péré ni, ọ̀gá àwọn aránṣọ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé ìwé. Ewú ti bo orí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti hunjọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì yéé gbọ̀n lórí àga. Fóònù rẹ̀ dún. Wọ́n ní òwú búlúù ti tán. Kò tíì sọ ibi tí wọ́n á ti rí òmíràn tí ìpè kejì fi wọlé.

Dókítà gbé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ síwájú wọn. "Èròjà magnẹ́síọ̀mù ti lọ sílẹ̀ lára yín. Họ́mọ́ònù tí ara ń tú jáde nígbà ìdààmú wà lókè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kì í sùn, ara ò sì ráyè tún ara rẹ̀ ṣe. Ó lè sọ yín di arúgbó ṣáájú ọjọ́. Mo máa kọ oògùn, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ọ̀sẹ̀ méjì sinmi. Kí fóònù náà sinmi."

"Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀? Kí n tó padà, ẹlòmíràn á ti jókòó sórí àga mi."

"Àga wo?" ni ẹ̀gbọ́n bi í. "Ìwọ tí o kì í jókòó."

Nígbà tí wọ́n délé ẹ̀gbọ́n, oòrùn ọ̀sán ṣì mú. Ẹ̀gbọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un. Fóònù àbúrò tún dún: ìgbákejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni. Bí kò bá gbé e, ìgbákejì á kúkú pàṣẹ fúnra rẹ̀, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó rí màmá tí nọ́ọ̀sì rí.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì na fóònù sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbé e."

Ó ti pẹ́ tó ti pè é bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dọ̀gá níbi iṣẹ́ ló ti dọ̀gá nílé.

"Àbúrò mi ti sùn," ni ẹ̀gbọ́n wí fún ìgbákejì, ó sì pa fóònù.

Irọ́ ni, ojú àbúrò là kedere. Ó yára pa ojú dé, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà di òpùrọ́.