Òkú Àrọ̀ Yí Mi Ká

Bísí, àlá àná ò tíì kúrò lójú mi. Ṣé o rántí kẹ́míkà tuntun tí mo kọ̀wé lé lórí pé kò ní pa ẹja, láìdán an wò? Lójú àlá náà, mo bá ara mi nínú adágún ẹja, omi mù mí dé ọrùn, òkú àrọ̀ léfòó yí mi ká. Obìnrin tó ni àwọn ẹja náà gbá mi lọ́rùn mú.

"Ta ló ní kò ní pa wọ́n?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kẹ́míkà náà jọ òmíràn tí kì í pẹja ni."

"Ìwọ náà jọ ẹ̀gbọ́n ẹ. Ṣé ìwà kan náà lẹ ń hù?"

Ló bá ń ki ìwé mi bọ̀ mí lẹ́nu. Mi ò mọ ìtumọ̀ àlá náà o. Àmọ́ mo ti pe ọ̀gá wa láàárọ̀ yìí pé kó má tíì fọwọ́ sí ìwé náà.