Ọwọ́ Tí Mo Fi Bò Ó Lẹ́nu

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ayọ̀bọ́lá nígbà tí ibà pa á. Adéjọkẹ́, àbúrò mi, ni ìyá rẹ̀, òun nìkan ló sì bí. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Erio, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Nítorí náà, èmi àti Ògúntóyè ọkọ mi la gbé òkú rẹ̀ lọ sin sí oko kòkó.

Bí Adéjọkẹ́ ṣe la ẹnu láti ké, mo fi ọwọ́ ọ̀tún mi bò ó lẹ́nu.

"Dákẹ́! Omi ló dànù, agbè ò fọ́. O ṣì máa bí òmíràn."

Ó dákẹ́. Mo rò pé mo ti ṣe ojúṣe ẹ̀gbọ́n.

Oṣù mẹ́jọ ló fi dákẹ́. Kò sunkún rárá, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, kò sì rí oorun sùn. Á ṣàdéédé di àyà mú pé ọkàn òun ń sáré, pé òun ń kú lọ. Kòkó tó sá síta, òjò pa á, kò dìde kó o. Mo pè é ní ọ̀lẹ lójú àwọn obìnrin ìjọ wa.

"Àǹtí, ara mi ló wúwo."

"Ara ta ni ò wúwo? Tèmi fúyẹ́ bí òwú ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ yẹn kò kúrò létí mi títí dòní.

Lọ́jọ́ tó ṣubú lẹ́bàá kànga, mo gbé e sórí ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn ní Arámọkọ. Nọ́ọ̀sì Eunice wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ga gan-an. Ó bi í pé, "Kí ló wà lọ́kàn yín?"

"Kò sí nǹkan kan." Èmi ni mo dáhùn.

Ó tún béèrè. Mo tún dáhùn.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin náà lẹ ń bá a mí ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó síta."

Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà tí mo fi gbọ́ igbe náà, igbe oṣù mẹ́jọ.

Nígbà tí Eunice jáde, kò bá mi wí. Ó ní, "Àìsàn gidi ló ń ṣe é, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìbànújẹ́ tí kò rí ọ̀nà jáde ti wọ ara. Ìbẹ̀rù ń mú kí ọkàn rẹ̀ sáré, àìsùn náà ń dá kún ìfúnpá. Yóò lo oògùn, yóò sì máa wá bá wa sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Ó wò mí. "Ohun kan wà tó fẹ́ mọ̀. Ẹ̀rù yín ló ń bà á láti béèrè."

Mo ti mọ ohun náà kó tó parí ọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ògúntóyè dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Èèwọ̀ ni o! Kí làwọn ará ìlú máa wí?"

"Kí wọ́n wá wí i fún mi."

Mo mú àbúrò mi dé ìdí igi obì tó wà láàárín kòkó, mo fi òkúta tí mo gbé síbẹ̀ hàn án. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa ewé kúrò lórí ilẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ fi nǹkan bò ó? Òtútù máa ń tètè mú un."

"Ìró mi ni mo fi wé e."

Ó la ẹnu. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi ti gbéra lọ síbi ẹnu rẹ̀. Mo fà á padà, mo jókòó lé ọwọ́ náà lórí nínú ewé kòkó, àbúrò mi sì ké.