Kọ́kọ́rọ́ Tuntun Ọ̀gá Láoyè

Rùqáyyàh ò tíì mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán nígbà tí ímeèlì náà wọlé. Orúkọ Ọ̀gá Láoyè ló wà lórí rẹ̀. Ó ní ẹ̀dà tuntun ètò kọ̀ǹpútà òun ti jáde, kí gbogbo ọmọ tí òun kọ́ níṣẹ́ tètè gbé e wọlé kí ewu má baà wu wọ́n. Ó ní òun ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí òun fi ń buwọ́ lùwé lórí ẹ̀rọ, káyé lè mọ̀ pé ọwọ́ òun ló ti wá, tuntun rèé nísàlẹ̀.

Ọ̀gá Láoyè ló kọ́ ọmọbìnrin yìí níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Moniya, lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ìwádìí àgbẹ̀. Ètò wọn ò ju bíńtín lọ, kò ṣe ju kó wò ó bóyá nọ́ńbà fóònù pé. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń dá ètò kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láyé ìsinsìnyí? Ti ẹlòmíràn la fi ń gbé tiwa ró. Èyí tí Rùqáyyàh kọ fún ilé ìwòsàn kan ní Ìrókò, tó ń rán àwọn aláboyún létí ọjọ́ àyẹ̀wò, orí ètò Ọ̀gá ló dúró lé. Orúkọ obìnrin tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, nọ́ńbà wọn àti oṣù oyún wọn, inú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí nǹkan burúkú bá ráyè wọ ibẹ̀, àṣírí wọn tú nìyẹn.

Ó ní kí kọ̀ǹpútà yẹ ìbuwọ́lù náà wò. Kọ̀ǹpútà ní ó pé, kò lábùkù. Ẹlòmíràn ì bá ti gbé e wọlé, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò lè rí ìkòkò tí wọ́n dé kó má ṣí i wò. Kọ́kọ́rọ́ wo ni kọ̀ǹpútà fi yẹ̀ ẹ́ wò? Èyí tó bá ìwé náà wá ni! Ó dà bí ìgbà tí àlejò kan ilẹ̀kùn, tó ní ọ̀rẹ́ bàbá rẹ lòun, tó sì ní kí o bi ẹni tí àwọn jọ wá. Bí Ọ̀gá bá fẹ́ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ti àtijọ́ tí gbogbo wọn mọ̀ ló yẹ kí wọ́n fi buwọ́ lu ìwé tó kéde tuntun.

Ó tú ẹ̀dà tuntun náà wò láì gbé e wọlé. Ẹ̀dà náà ti lọ gbára lé ètò mìíràn tí Rùqáyyàh ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síta. Kí ni ètò tó ń ka nọ́ńbà fóònù fẹ́ fi ránṣẹ́? Ta ló sì fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí?

Kò kù ju kó bi Ọ̀gá lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Báwo lèèyàn ṣe ń wo ojú ẹni tó kọ́ni níṣẹ́, kó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí lóòótọ́?" Ìyẹn ò yàtọ̀ sí kéèyàn pè wọ́n lónírọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló mú fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e sílẹ̀.

"Lọ kí wọn nílé," ni Mùsílímátù ìyá rẹ̀ wí nígbà tí ọmọ rẹ̀ ròyìn fún un, níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. "Àbí wọ́n á ní o rí wọn fín torí pé o wá kí wọn ni?"

Ó gun ọ̀kadà, ó di Moniya. Ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá. Ó bèèrè ara wọn, ó bèèrè ìyàwó wọn, ó bèèrè adìẹ wọn. Ìgbà tó yá, kò rí ohun tó máa bèèrè mọ́.

"Rùqáyyàh, kí ló gbé ọ wá?"

"Ẹ má bínú sà. Ímeèlì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí ni. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu yín."

"Ímeèlì wo?"

Àyà rẹ̀ já, inú rẹ̀ sì dùn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni méjèèjì. Ó fi ìwé náà hàn wọ́n. Ọ̀gá kà á tán. Wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta fún un, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ti wá: "Ẹ ṣeun gan-an sà. A ti rí i, a ti ṣe é."

"Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún," ni Ọ̀gá wí. "Mo sáà dá wọn lóhùn pé kò tọ́pẹ́. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ sí i fún olè."

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n pe Luqman, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, tó ń bójú tó orúkọ àwọn ọmọ ilé ìwé kan l'Ẹgbẹ́dá. Luqman bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn: ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà, ẹ kú iṣẹ́ sà, ilé ńkọ́ sà?

"Luqman, má kí mi! Ẹ̀dà tuntun yẹn, yọ ọ́ kúrò báyìí."

"Kò burú sà. Mo ti ń yọ ọ́ sà. Ẹ ṣeun sà."

Ọ̀gá wo Rùqáyyàh. Rùqáyyàh náà wò wọ́n.

"Luqman, ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni sà."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Wọ́n ń gbọ́ bí Luqman ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, títẹ̀ náà dúró.